Ìlú fíìmù ń bọ̀ ní Ejìnrìn: ṣé ọmọ Ẹ̀pẹ́ á rí iṣẹ́ gidi ṣe níbẹ̀, àbí géètì ló máa ṣọ́?

Ilẹ̀ tó tó 100 hẹ́kítà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ ní Ejìnrìn, lágbègbè Ẹ̀pẹ́, láti kọ́ ìlú tí wọ́n á ti máa ya fíìmù. Iléeṣẹ́ Del-York, tí Ọ̀gbẹ́ni Linus Idahosa jẹ́ olórí rẹ̀, ni ìjọba fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú lórí iṣẹ́ náà, 100 mílíọ̀nù dọ́là sì ni owó tí wọ́n dárúkọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ mọ agbègbè náà dáadáa: tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìtóìkín, ẹ ti ń súnmọ́ ọn nìyẹn.

Iṣẹ́ ni ìlérí tó máa ń tẹ̀lé irú ìkéde báyìí, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ò ní dùn sí i. Àmọ́ àwọn ìbéèrè kan wà tó yẹ ká béèrè kí wọ́n tó mọ ilé débi òrùlé. Irú iṣẹ́ wo ni? Ta ló máa ṣe é? Ibo ni ọmọ apẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ télọ̀ ní Àgbọ̀wà, tàbí ọmọbìnrin tó ń bá ìyá ẹ̀ ta ẹja lọ́jà Olúwo ti máa kọ́ ọ? Bí a ò bá rí ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, Lẹ́kkí, Ìkejà àti òkè òkun ni àwọn tó máa di kámẹ́rà mú á ti máa wá, ti ọmọ onílẹ̀ á sì wá di ṣíṣọ́ géètì àti gbígbá àyíká. Iṣẹ́ nìyẹn náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Àmọ́ bí ìyẹn nìkan bá ni ìpín àwọn tí ilẹ̀ wọn ló lọ, a jẹ́ pé àdéhùn yẹn ò gún régé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà, ọ̀nà ẹ̀ ló jìn

Kò ní dáa ká sọ pé ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ ńlá káwọ́ gbera. Wọ́n ń gbìyànjú. Lọ́dún 2021 ni EbonyLife Creative Academy, tí Mo Abudu dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Victoria Island pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì san owó ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ìjọba bá Del-York Creative Academy náà ṣe irú àdéhùn yìí. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 2018, MultiChoice ti dá ilé ẹ̀kọ́ fíìmù mẹ́ta sílẹ̀ ní Èkó, Nairobi àti Lusaka, tí wọ́n ń pè ní MultiChoice Talent Factory. Fẹ́mi Odùgbẹ̀mí ló kọ́kọ́ darí ti Èkó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, oṣù 12 ni ẹ̀kọ́ náà, 20 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì mú sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2022, Terra Kulture àti Mastercard Foundation gbé ètò TAFTA jáde, tí wọ́n láwọn fẹ́ fi kọ́ ọ̀dọ́ 65,000 ní Èkó, Ògùn àti Kánò ní iṣẹ́ bíi kíkọ ìtàn eré, ètò ohùn, iná orí ìtàgé àti àwòrán tó ń rìn. Netflix náà kéde lọ́dún 2021 pé àwọn á ná 100 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún márùn-ún kárí ayé fún àwọn tí iṣẹ́ fíìmù ti ń fi sẹ́yìn tipẹ́, ara rẹ̀ sì di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Òun àti UNESCO tún ṣe ìdíje kan tí wọ́n ti mú ọ̀dọ́ mẹ́fà láti ilẹ̀ Áfíríkà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 25,000 dọ́là, tí wọ́n sì fún un ní 90,000 dọ́là láti fi ṣe fíìmù. Korede Azeez, ọmọbìnrin Nàìjíríà, wà lára àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Fíìmù wọn jáde lórí Netflix ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Gbogbo èyí dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró sí Ẹ̀pẹ́ ká wá wò ó láti ibẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ máa lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Victoria Island lójoojúmọ́, àfẹ̀mọ́jú ló máa kúrò nílé, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà dé. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ, ẹ̀yin fúnra yín mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà láti Mile 12 wọ ìlú. Owó ilé ẹ̀kọ́ lọ̀fẹ́, owó mọ́tò ò lọ̀fẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán ò lọ̀fẹ́. Ọjọ́ téèyàn ò lọ sóko tàbí sọ́jà náà ò lọ̀fẹ́. Nítorí náà, ọmọ tí òbí ẹ̀ lówó tàbí tó ní mọ̀lẹ́bí ní Lẹ́kkí ló máa jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn dópin. Àwọn tí ètò náà wà fún gan-an á ti já bọ́ lójú ọ̀nà.

Ìkejì ni èdè. Òyìnbó ni fọ́ọ̀mù, òyìnbó ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òyìnbó ni olùkọ́ ń sọ. Bẹ́ẹ̀, àìmọye fíìmù táwọn èèyàn wa ń wò, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gá tó bá mọ̀ ọ́n lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí iná ṣe ń jábọ́ sójú òṣèré, ìdí tí ohùn fi ń hó, àti bí wọ́n ṣe ń so àwòrán kan mọ́ òmíràn. Nínú lokéṣọ̀n gan-an, Yorùbá lọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń pàṣẹ. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ la ti ń fi òyìnbó yọ èèyàn sẹ́yìn?

Ìkẹta, ọ̀pọ̀ ètò ló ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ báyìí. Ẹni tí ò ní kọ̀ǹpútà, tí dátà rẹ̀ ń tán, tí iná sì lè má dé àdúgbò ẹ̀ fọ́jọ́ méjì, báwo ló ṣe fẹ́ wo ẹ̀kọ́ parí? Ìkẹrin ni iye àyè tó wà. Nàìjíríà àti Ghana ló jọ pín àyè 20 tí ilé ẹ̀kọ́ MultiChoice ní Èkó fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé abọ́ ìrẹsì kan síwájú gbogbo àwọn tó wá síbi ìnáwó.

Ẹ̀bùn kọ́ ló wọ́n

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì bóyá ẹ̀bùn wà ní apá ibí, kó rántí Ikorodu Bois. Àwọn ọmọdé ẹbí kan náà ni wọ́n ní Ìkòròdú, ẹ̀gbọ́n wọn ló ń fi fóònù yà wọ́n. Wọ́n á wo fíìmù tàbí fídíò orin tí wọ́n ná òbítíbitì owó lé lórí, wọ́n á wá fi igi, páálí, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ bírìkìlà tún un ṣe, ìṣẹ́jú àáyá kò ní yẹ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n fara wé fíìmù Extraction ti Netflix. Àwọn arákùnrin Russo tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n ní àwọn á pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì. Netflix kó kámẹ́rà àtàwọn irinṣẹ́ míì ránṣẹ́ sí wọn.

Ìtàn ayọ̀ ni, a sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe tò: ẹ̀bùn ti wà níbẹ̀, ìforítì wà níbẹ̀, ohun tí ò sí ni irinṣẹ́ àti ẹni tó máa la ọ̀nà. Irinṣẹ́ dé lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí wọn tán. Ọmọ mélòó ló wà ní Ìjẹdẹ̀, Ìmọ́tà tàbí Nọfọríjà tó lè ṣe bíi tiwọn, tí fídíò ẹ̀ ò dé etí Amẹ́ríkà? Oríire dáa, àmọ́ oríire kì í ṣe ètò ìjọba. Ìdí tí àjọṣepọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi wà gan-an ni pé kó má jẹ́ pé ẹni tí orí bá gbè nìkan ló máa yege.

Àwọn bàbá wa ní ètò tiwọn

Kó tó di pé wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù kankan nílẹ̀ yìí, Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ eré. Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ ní Jos ò bẹ̀rẹ̀ títí di 1995. Nígbà yẹn, ó ti tó 50 ọdún tí Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Ilé ọ̀gá ni kíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ á di ẹrù sínú mọ́tò, á lu ìlù, á so aṣọ ìtàgé, á ṣe ipa kékeré, títí á fi mọ ọ̀nà. Jimoh Aliu tí gbogbo wa mọ̀ sí Àwòrò, tó ṣe Àrélù lórí tẹlifíṣàn, abẹ́ Akin Ògúngbè ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó wọlé. Ètò yẹn gba ọmọ tálákà wọlé ju ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé lọ.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ó ní àbùkù tiẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ lè sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó tó jọ owó. Àwọn obìnrin ló sì jìyà ẹ̀ jù. Láyé Ògúndé, òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣeré ìtàgé rárá, Ògúndé alára fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. Títí dòní, ọmọbìnrin tó bá ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, tí kò sí ìwé àdéhùn, tí kò sí ẹni tó lè fẹjọ́ sùn, inú ewu ló wà. Ohun tó yẹ ká mú nínú ètò àtijọ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu àti bó ṣe ń fi ọwọ́ kọ́ni. Ohun tó yẹ ká fi kún un ni owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́, ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí, àti ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá tí ọmọbìnrin lè lọ bá bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tàbí halẹ̀ mọ́ ọn.

Fíìmù ju òṣèré lọ

Tí wọ́n bá ní ká wá kọ́ iṣẹ́ fíìmù, òṣèré ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Káfíńtà ló ń kan ilé tí a rò pé ààfin ni. Télọ̀ ló ń rán aṣọ oyè. Oníṣẹ́ iná ló ń fa wáyà, tó sì ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. A rí onídìrí, amúnilóge, olóúnjẹ, awakọ̀, akunlé, àti ẹni tó ń to ohun èlò ilé àtijọ́ kó lè jọ ti ayé àtijọ́. Bí ìtàn bá wáyé lórí omi, ta ló máa tu ọkọ̀? Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ dùn ún sọ. Àwọn tó ní irú ọwọ́ wọ̀nyí ti wà nílẹ̀. Káfíńtà tó ti kọ́ṣẹ́ tó sì ti gba fíríìdọ́ọ̀mù ò nílò ọdún kan ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó nílò ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n á fi hàn án bí ògiri fíìmù ṣe yàtọ̀ sí ògiri ilé: pé ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó ṣe é tú, kó ṣe é gbé, kó má sì dún tí wọ́n bá ń gba ohùn. Bákan náà ni télọ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ kan náà ní mẹ́ta, torí pé ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá á ba ọ̀kan jẹ́, omi á ba èkejì jẹ́. Irú ẹ̀kọ́ kúkúrú báyìí ò wọ́n, ẹni tó sì kọ́ ọ lè rí owó níbẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n irú àwọn èèyàn yìí ni ìkéde orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, àti rédíò.

Àwọn akàndá ẹ̀dá ńkọ́? Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn láti 2011, òun náà ló bí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 5% ipò iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ò gbọ́rọ̀ lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kó to àwòrán pọ̀ kó dùn ún wò. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè kọ ìtàn, ó lè ṣètò ohùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lójoojúmọ́ sì mọ̀ pé ohùn nìkan tó iṣẹ́ jẹ, kò dìgbà téèyàn bá ríran. Tí wọ́n bá kọ́ gbọ̀ngàn tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló ní, tí kò sí ẹni tó mọ èdè ọwọ́ nínú kíláàsì, òfin yẹn ti di ìwé lásán nìyẹn. Owó díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ máa gbà bí wọ́n bá ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń ya pláànù. Tí sìmẹ́ǹtì bá gbẹ tán, owó ńlá ni.

Ohun tí àwọn ọmọ wa ní London ti rí

Irú ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa tó wà nílùú Ọba. Lọ́dún 2003, Femi Oguns, òṣèré tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìran, dá ilé ẹ̀kọ́ eré tí wọ́n ń pè ní Identity sílẹ̀ ní London, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ibẹ̀ ò ní àyè tó fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ òòjọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wá. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kó lè ṣeé pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni John Boyega, ọmọ Peckham tí òbí ẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gbà kọjá kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká nínú Star Wars. Letitia Wright tó ṣe Black Panther náà gba ibẹ̀. Ohun tí Oguns ṣe ò díjú: ó wo ìgbé ayé àwọn tó fẹ́ kọ́, ó sì gé ẹ̀kọ́ náà bá a mu.

Ẹ̀kọ́ kejì láti ibẹ̀ ni kíkà. Láti 2016 ni BBC, ITV, Channel 4 àtàwọn tẹlifíṣàn míì ti jọ ń lo ètò kan tó ń jẹ́ Diamond, tó ń ka iye obìnrin, aláwọ̀ dúdú àti akàndá ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ lórí ètò wọn, lójú kámẹ́rà àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbé e jáde fún gbogbo ayé rí. Ó sì ti ń fi hàn léraléra pé iye àwọn akàndá ẹ̀dá tó ń rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn kámẹ́rà kéré gan-an sí iye wọn láàárín ìlú. Ìtìjú ni fún wọn, àmọ́ bí wọn ò bá kà á, ẹnu lásán ni wọn ì bá máa fi sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, iye àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n sábà máa ń kéde. Iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù jẹun lẹ́yìn ọdún kan, abúlé tí wọ́n ti wá, àti iye obìnrin tó wà nínú wọn, ìyẹn gan-an ló yẹ ká gbọ́.

Alábàáṣe lè lọ, ìlú ò lọ

Ewu kan tún wà tí a ò gbọdọ̀ gbójú fò. Owó àlejò kì í dúró pẹ́. Ní January 2024, Amazon Prime Video kéde pé àwọn á dáwọ́ níná owó sórí fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà dúró, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ péré tí wọ́n wọlé tariwo-tariwo. Lọ́dún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ra MultiChoice. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀. Ọjà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ ọmọ wa bá so mọ́ okùn kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, ọjọ́ tí iléeṣẹ́ yẹn bá já okùn, ẹ̀kọ́ parí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àjọṣepọ̀ náà ní gbòǹgbò níbí. Ilé tí wọ́n lè lò ti wà. Ìjọba Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, kọ́ gbọ̀ngàn tíátà mẹ́rin: Ẹ̀pẹ́, Badagry, Ìgàǹdó àti Orégùn. Yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó ní ọgbà kan ní Nọfọríjà, Ẹ̀pẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó jẹ́ Poli tẹ́lẹ̀, wà ní Ìkòròdú. Bí wọ́n bá gbé irinṣẹ́ àti olùkọ́ síbẹ̀, alábàáṣe kan lè lọ, òmíràn lè dé, kíláàsì ò ní kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ìjọba nílẹ̀, iléeṣẹ́ lówó àti ìmọ̀, ìlú lọ́mọ àti ọwọ́ iṣẹ́. Kálukú ló ní ohun tó mú wá, kálukú ló sì yẹ kó rí nǹkan mú lọ.

Àwọn kan á ní okòwò ni ìlú fíìmù, pé ẹni tó ná owó ẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹni tó bá mọṣẹ́ jù, ì báà jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ tàbí ọmọ China. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Fíìmù tí ohùn ẹ̀ ò jáa ò ní tà, ojú àánú ò sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ẹni tí ò mọṣẹ́. Ohun tí a ní ni pé kí wọ́n kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó wá sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun ní Nàìjíríà. Láti 2010 ni òfin ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ epo kọ́kọ́ wo ọmọ ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó wo àlejò. Òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 náà ní kí wọ́n ya 3% lára owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Bí a ṣe lè kọ ọ́ fún epo, a lè kọ ọ́ fún fíìmù.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé?

Ohun mẹ́rin péré ló yẹ ká béèrè. Ìkíní, kí wọ́n kọ iye àyè ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sínú àdéhùn, kí wọ́n sì sọ ìpín àwọn obìnrin àti akàndá ẹ̀dá nínú rẹ̀. Ìkejì, kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ni níbi tó bá ti yẹ, kí wọ́n má fi ìwé mẹ́wàá dí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọṣẹ́ lọ́nà. Ìkẹta, kí owó mọ́tò àti oúnjẹ wà fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìkẹrin, kí wọ́n máa ka iye àwọn tó rí iṣẹ́ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ ìlú, lórí rédíò bó bá ṣeé ṣe.

Ta ló máa béèrè ẹ̀? Àwọn alága tí a dìbò yàn ní July 2025 wà ní Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀rẹ̀dò, Ìkòsì-Ejìnrìn àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú. Àwọn ọba wa wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń ṣèpàdé, ẹgbẹ́ káfíńtà àti ẹgbẹ́ télọ̀ ní alága tiwọn. Bí ẹ bá pé jọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àdéhùn hàn yín. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.

Ejìnrìn kì í ṣe ìlú tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó wà lára àwọn ọjà tó lókìkí jù létí ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú àti ti Èkó ń pàdé níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kó epo pupa àti oúnjẹ lọ. Nígbà tó yá, ojú irin àti ọ̀nà mọ́tò gba ibòmíràn, òwò náà sì tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn èrò lọ, onílẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ọjà míì tún ti fẹ́ ná níbẹ̀ báyìí. Bí èyí náà bá tú lọ́jọ́ kan, ó kéré tán, kó jẹ́ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó bá nílé.